Ọ̀gbẹ́ni Mo-Ti-Mọ̀ àti Adájọ́ Kẹta

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn ara wọn ní ojú ìwé yìí ló máa ń sọ pé wọ́n tan àwọn jẹ ni. Èmi ò rí ẹni tó tàn mí. Ojú mi là sílẹ̀ kedere nígbà tí mò ń ṣe é, mo tún wọ awò lé e.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bí a ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí kátúnù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rù mi, mo sì ka ìbẹ̀rù náà sí ọ̀wọ̀. Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń sọ sí iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá: "Kò ní eegun nínú." Mo lè sọ ọ́ kí n tó wo iṣẹ́ náà tán.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn eyín. Òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń pe orúkọ àwọn aláìsàn, tó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò ní dùn wọ́n. Nígbà tí àwọn ìbejì wa lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, ilé dákẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan wá síwájú mi níbi tí mo ti ń wo ìròyìn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wo èyí."

Mo wò ó fìrí. "Kò ní eegun nínú."

"Ẹ ṣé, sà," ó ní, ó sì gbé e lọ.

Kò gbé òmíràn wá mọ́. Mo rò pé ó ti sú u ni.

Ìdíje àgbáyé kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, àwọn oníkátúnù, àti àwọn tó ń fi àwòrán sọ ìtàn nínú ìwé. Láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni iṣẹ́ ti máa ń wọlé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n wá wà lára àwọn adájọ́ márùn-ún. Mo ka lẹ́tà náà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dorin lẹ́nu mi.

Òfin wọn ò pọ̀. A ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni iṣẹ́ tí à ń wò. Nọ́ńbà nìkan ló máa wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé àwa ni adájọ́ títí di ọjọ́ ayẹyẹ. Mo búra. Ìbúra náà, mo pa á mọ́ délẹ̀délẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Bó bá bi mí pé kí ni mò ń wò lórí kọ̀ǹpútà, èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Ẹni tí mi ò lè pa á mọ́ fún ni Jẹ́jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan ni. Ó ti dá ilé iṣẹ́ kátúnù tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ilé onígíláàsì níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó ń jà. Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é nítorí pé kì í gbé ohùn sókè, ì báà jẹ́ ohun tí wọ́n máa fọ́ ẹlòmíràn létí fún ló ń tọrọ. Ó pè mí lórí fóònù láti kí mi lásán, ẹnu sì ń yún mi. Kò tíì béèrè nǹkan kan tí mo fi tú u fún un pé adájọ́ ni mí.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ó pẹ́ tó ti yẹ yín."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀pọ̀ ò dára, díẹ̀ dára, àwọn kan ò tiẹ̀ yé ẹni tó yà wọ́n. Ìgbà tó yá ni mo dé orí ìwé alàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní "Ọ̀gbẹ́ni Mo-Ti-Mọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọkùnrin kan ni, orí rẹ̀ pá, ikùn rẹ̀ yọ, etí rẹ̀ sì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ àpò funfun tí àwọn ayàwòrán máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí lókè orí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, bí ìyàwó ọkùnrin náà bá sọ̀rọ̀, àpò náà á fò dé ẹ̀gbẹ́ etí ọkọ rẹ̀, á yà bàrá, á sì já bọ́ sílẹ̀. Ọkọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kọjá. Láràárọ̀ ni ìyàwó máa ń gbá ọ̀rọ̀ náà jọ, tó ń rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì. Àpò kún ilé ìdáná, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí tí kò fi sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ sí. Ni ọkọ bá lọ pe bíríkìlà pé ilé yìí ti kéré jù.

Nígbà tó yá, ìyàwó gbé àpò rẹ̀ jáde, ó ṣí ìsọ̀, ó ń ta ọ̀rọ̀ náà fún àwọn aládùúgbò. Èrò tò lọ bẹẹrẹ. Lójú ìwé tó kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ náà tò sórí ìlà, ó ń bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń tà níbí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Mo ka àwọn tó bá a mu láàárín àwọn ojúlùmọ̀ mi: olórí ẹ̀ka wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, onílé wa, ọkọ àbúrò mi. Èmi ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Irun orí mi kún dáadáa.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ wà ní èjìká rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?"

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Kò lè yé ọ."

"Ó dáa. Ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣì ń jò o."

"Mo ti mọ̀," mo wí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣèlérí pé òtítọ́ ni mo máa sọ, òtítọ́ sì nìyẹn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mo pinnu lọ́kàn mi pé ìwé yìí ló máa gba ẹ̀bùn ńlá.

Kò pẹ́ sí i tí Jẹ́jẹ́ wá kí mi ní ọ́fíìsì. Àwa mẹ́ta la jọ ń lo ọ́fíìsì náà. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, àga àlejò sì ní ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ká ìwé sí lábẹ́. Jẹ́jẹ́ rọra jókòó lé e, bí ẹni tó ń jókòó lórí ẹyin.

"Ọ̀gá mi, mo fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ kátúnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ mi. Mo ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á kọ orúkọ onítọ̀hún sára ilẹ̀kùn. Fèrèsé ibẹ̀ ń ṣí." Ó wo fèrèsé tiwa, ó sì mí kanlẹ̀. "Àwọn ará ibí ò mọ iyì yín, Ọ̀gá mi."

Ó ti ń dùn mọ́ mi.

"Mi ò ní sọ fún yín pé mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìdíje yẹn. Òfin ò gbà á."

"Òfin ò gbà á," mo dá a lóhùn.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹja tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ bá mi kí i."

Mo rí ẹja náà nígbà tí mo délé. Kátúnù rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹja gun kẹ̀kẹ́ gba àárín ìlú kọjá, àwọn èrò ń juwọ́ sí i. Nígbà tí mo dá a dúró kí n lè wò ó fínnífínní, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń juwọ́ ní ìka mẹ́fà. Nígbà tí kátúnù tún sún síwájú, ìka náà di mẹ́rin. Ẹni tó bá ti kọ́ni ní iṣẹ́ yìí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ènìyàn kọ́ ló yà á. Ẹ̀rọ ni wọ́n pàṣẹ fún pé kó yà á, ìdíje náà sì ti kà á léèwọ̀.

Mo gbé ojú kúrò níbi ìka. Mo wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dára.

Fún ọjọ́ díẹ̀, bí mo bá ti pajú dé, ilẹ̀kùn ni mò ń rí, orúkọ mi sì wà lára rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tí mo fẹ́ rẹ́ jẹ. Ẹni tó kọ ìwé Mo-Ti-Mọ̀ yìí ṣì kéré, mo wí, ọdún ń bọ̀ fún un. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó kéré? Mo ti mọ̀ ni.

Nǹkan kan ò dí ẹja lọ́wọ́ àfi ìwé yẹn. Nítorí náà, mo jókòó, mo sì kọ ìwòye mi sórí rẹ̀:

"Iṣẹ́ yìí dùn ún wò lókèèrè, ṣùgbọ́n kò ní eegun nínú. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò ṣeé gbàgbọ́. Kò sí ọkọ tó lè bá aya gbélé kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó hàn gbangba pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wú mi lórí.

Orí kọ̀ǹpútà la ti ṣe ìpàdé àwọn adájọ́. Alága wa jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ti ń tẹ ìwé alàwòrán jáde kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Ìyá Àgbà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ka ìwòye mi tán, ó gbójú sókè, ó fi nọ́ńbà mi pè mí:

"Adájọ́ Kẹta, ṣé ẹ ò rẹ́rìn-ín rárá?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín, mà."

"Kò burú. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀."

Mo sọ̀rọ̀ nípa ẹja náà bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Adájọ́ kan ń kánjú láti lọ, òmíràn sì jẹ́ irú ẹni tó máa ń gba ti ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo rí i dájú pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìbò mẹ́ta bọ́ sọ́wọ́ ẹja, méjì bọ́ sọ́wọ́ Mo-Ti-Mọ̀. Àwọn méjèèjì máa gorí ìtàgé, ẹja ló sì máa gba ẹ̀bùn ńlá.

Ìlú mìíràn ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ náà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́. Òun ló lọ aṣọ fún mi.

"Ẹ wọ èyí tó ní ìlà yìí," ó ní. "Ó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ dà bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà á. Ó ní òun náà àti ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ rìnrìn àjò díẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ kí ẹnì kan tó bímọ.

"Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ," mo wí. Mi ò béèrè pé ìyá ọmọ wo.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ náà kún fọ́fọ́. Àwòrán ń rìn lára gbogbo ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ múra bí àwọn ẹ̀dá inú ìwé. Ọ̀kan tó fi páálí ṣe ìyẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó wọlé ní ìhà. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Bàbá Ìbejì?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Mo yíjú sí i. Mo ń wá irọ́ tí màá pa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n pa á. Ó dì mọ́ mi.

"Ẹ ti mọ̀, àbí? Ẹ mọ̀, ẹ sì wá láì sọ fún un. Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe igi. Olúwa á bù kún yín."

"Àmín, mà," mo wí. "Mo mọ kí ni?"

"Ẹ tún ń bá mi ṣeré. Pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ àṣekágbá."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, èwo ni tirẹ̀?"

"Èwo lẹ tún ń bi? Ọ̀gbẹ́ni Mo-Ti-Mọ̀ kẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi tù ú nínú. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kó ìwòye àwọn adájọ́ fún wọn. Aláìláárí kan báyìí kọ ìkọkúkọ sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó yín ní bíi yín gan-an lonítọ̀hún ń sọ̀rọ̀. Mo bá a wí. Mo ní ọkọ rẹ̀ wà ní ìpàdé olùkọ́."

"Ẹ ṣé, mà," mo wí.

Mo sá lọ bá akọ̀wé ìdíje. Ó ń fi ìwé hámúbọ́gà nu ọwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún ìwòye mi kọ."

"Ó ti bọ́, Ọ̀gá. Àwọn olùdíje ti gba tiwọn. Atọ́kùn sì máa kà á sókè lórí ìtàgé, kí olúkúlùkù lè fèsì. Ibẹ̀ làwọn èrò fẹ́ràn jù."

Wọ́n pe àwa adájọ́ jáde. Wọ́n pe àwọn olùdíje. Ìyàwó mi bọ́ sórí ìtàgé nínú aṣọ tí mi ò rí rí, ó jókòó, ó sì wo ìlà àwọn adájọ́ láti òpin kan dé òpin kejì. Nígbà tí ojú rẹ̀ kàn mí, kò yà á lẹ́nu. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aláìsàn tó pẹ́ dé.

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù funfun. Ó kí mi pẹ̀lú ìpéǹpéjú.

Atọ́kùn ka ìwòye Adájọ́ Kẹta. Nígbà tó dé ibi "kò mọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́," gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé gbohùngbohùn fún ìyàwó mi.

"Ẹ ṣeun," ó ní. Ohùn ilé ìwòsàn ló fi sọ̀rọ̀, èyí tó fi máa ń sọ pé kò ní dùn wọ́n. "Adájọ́ Kẹta ní ọkùnrin inú ìwé mi ò ṣeé gbàgbọ́. Mi ò ní bá a jiyàn. Ẹ kàn bá mi bi í pé kí ló ń jò nílé ìdáná wa."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Adájọ́ Kẹta?"

Mo ronú sókè, mo ronú sílẹ̀. "Ẹnu ẹ̀rọ omi," mo wí.

Ariwo ẹ̀rín sọ. Wọ́n rò pé eré tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ ni. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé aya yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọkùnrin kan láàárín èrò gbóhùn sókè. "Ẹ ò rí i bí adájọ́ yìí ṣe jẹ́ olódodo? Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ gan-an ló bu ẹnu àtẹ́ lù."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ń pọ̀ sí i, àwọn kan ti ń dìde. Ẹ̀yin òǹkàwé, níbí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo dìde, mo fọwọ́ lé àyà, mo sì tẹrí ba.

"Òdodo la gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé," mo wí.

Ìyàwó mi wò mí. Ojú rẹ̀ ò yí padà láti ìgbà tó ti gorí ìtàgé, ṣùgbọ́n ó yí padà báyìí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Ìyá Àgbà dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀.

"Ó yé mi," ó ní. "Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ aya yín ni, ẹ sì dákẹ́. A jẹ́ pé aya yín náà mọ̀ pé ẹ wà lára adájọ́. Ó sì búra fún wa lórí fọ́ọ̀mù pé òun ò ní ìbátan kankan láàárín wa. " Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Ìyá, ẹni tó bá parọ́ fún wa ò ní lè bá wa díje mọ́ láéláé. Ṣé ẹ rí nǹkan sọ?"

"Mi ò mọ̀, mà," ni ìyàwó mi wí. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Tọkọtaya oníjìbìtì."

Ìyá Àgbà yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ó ku ẹja. Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn ńlá, a máa ń wo àwòrán ìpìlẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ yà kó tó di kátúnù. Ẹ bá wa gbé tiyín wá."

Jẹ́jẹ́ rọra sún mọ́ mi, ó tẹ̀ bá mi létí. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn kékeré kan wà ní ọrùn kóòtù rẹ̀.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tí mo fi fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa bi mí ní èyí, mi ò bá ti fi ilé ẹ̀kọ́ yẹn lọ̀ yín."

Ohùn jẹ́jẹ́ náà gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Ẹni tó ní ìyẹ́ páálí pàápàá dúró ṣinṣin.

Mo wo ìyàwó mi. Ó ti ń kó tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú báàgì, bí ẹni tí iṣẹ́ ti parí fún. Mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ atọ́kùn.

"Kò mọ̀," mo wí. "Èmi náà ò mọ̀. Ìpàdé olùkọ́ ni mo sọ fún un pé mò ń lọ. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń ya nǹkan, nítorí pé mi ò béèrè. Ìwé rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo wò. Mo kọ ìwòye burúkú sórí rẹ̀ kí ẹja lè wọlé, nítorí pé ọkùnrin yìí ṣèlérí iṣẹ́ fún mi. Mo sì rí ìka mẹ́fà yẹn."

"Ìka wo?" ni adájọ́ tó máa ń kánjú béèrè.

Mo fi hàn wọ́n lórí ògiri. Gbọ̀ngàn hó yèè, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn adájọ́ mẹ́rin yòókù wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Àgbà ní wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ ẹja, wọ́n ti yọ Adájọ́ Kẹta, aya rẹ̀ kò sì jẹ̀bi irọ́ kankan. "Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ìbátan adájọ́ ò lè gba ẹ̀bùn, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Bí kì í bá ṣe ọkọ yín ni, ìyá, ẹ̀yin lẹ̀ bá gbà á."

Wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún ọmọbìnrin kan tó ya ojú òkun lórí kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ti rò pé òun ò rí nǹkan gbà, ó ti ń jẹ bísíkíìtì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é.

Nígbà tí èrò ń tú ká, Ìyá Àgbà wá bá ìyàwó mi níbi tó jókòó sí. "Ẹ̀bùn ni òfin dè," ó ní. "Kò sí òfin kankan tó de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Ṣé ẹ lè ya ìkejì?"

"Ó wà nílẹ̀, mà," ni ìyàwó mi wí. "Ìkẹta náà wà."

Ìwé náà ti jáde báyìí, ó sì ń tà. Wọ́n tẹ ìwòye mi sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe wà, láì yọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n kọ "Adájọ́ Kẹta" sábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ pé òun gan-an ló ń jẹ́ káwọn ènìyàn rà á. Jẹ́jẹ́ ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ilẹ̀kùn. Mo ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í ṣí. Kò sẹ́ni tó pè mí láti dájọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ìgbà tí àwọn ìbejì bá wá ìsinmi tí wọ́n ń jà lórí rìmóòtù, àwọn náà sì máa ń sọ pé kí màmá wọn dá a.

Ohun tí mo fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ mi ni ìrìn àjò ìpadàbọ̀ wa. Àwa mẹ́ta la jọ wọ bọ́ọ̀sì, Àǹtí jókòó sáàárín wa bí ẹni tó ń pààlà. Ìlú tirẹ̀ lójú ọ̀nà ló ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Àdúrà tí mo gbà fún yín ní gbọ̀ngàn, mo ti gbà á padà."

Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi. Kò sún mọ́ mi, mi ò sì láyà láti sún mọ́ ọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo ní kó má bínú. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ìtàgé, pé òun ló dára jù, ṣé kí wọ́n lè ṣàánú mi lẹ ṣe sọ ọ́?"

"Rárá. Òótọ́ ni."

"Kí ló dára níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un nípa ojú ìwé kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, níbi tí ọkọ ti sùn, tí ìyàwó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì tó sì ń wo bàtà rẹ̀. Mo ní ẹlòmíràn ì bá kọ nǹkan kún un, òun fi sílẹ̀ lófìfo, òfìfo náà ló sì mú mi lọ́rùn. Mo sọ fún un nípa ọwọ́ tí ìyàwó fi di ìgbálẹ̀ mú, pé lára àtàǹpàkò nìkan lèèyàn ti lè mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní bó ṣe ń mú kí ilé náà máa fún díẹ̀díẹ̀, láti ojú ìwé kan sí èkejì, tí òǹkàwé ò ní tètè fura, ó pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kò sì tíì yé ẹnì kan nínú wọn. Mo sọ̀rọ̀ títí a fi wọ ìlú.

Ó kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, ó gbé báàgì rẹ̀ lé èjìká, ó sì wò mí.

"Ẹ̀ bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó wí.